Kíka Ohun tí Ojú Kò Tó: Ìtàn Ìṣirò Epo Inú Àpáta Abẹ́ Òkun

Obìnrin tí ó ń se ọbẹ̀ kì í jẹ ìkòkò tán kí ó tó mọ̀ bí iyọ̀ bá tó. Yóò fi ṣíbí bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò tọ́ ọ wò, yóò sì ṣe ìdájọ́. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè bí ó ti ṣe mọ̀ pé bí ti inú ṣíbí ti rí ni ti inú ìkòkò rí. Ohun tí a kì í sábà kà sí ni pé kí ó tó bu ọbẹ̀ yẹn, ó ti rò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Rírò tí ó rò ó ni ó sọ ṣíbí kan di ẹlẹ́rìí fún odidi ìkòkò. Bí kò bá rò ó, tí iyọ̀ sì dì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tí ó bá bu ẹ̀gbẹ́ yẹn yóò pariwo pé iyọ̀ ti pọ̀ jù, ẹni tí ó bá bu òdìkejì yóò ní ọbẹ̀ náà tẹ́. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ nípa ohun tí ó wà ní ẹnu wọn. Irọ́ sì ni àwọn méjèèjì pa mọ́ ìkòkò.

Ilẹ̀ ni ìkòkò tí ẹnikẹ́ni kò rò. Wúrà kò pín ara rẹ̀ dọ́gba sínú àpáta, epo rọ̀bì kò ṣe bẹ́ẹ̀, omi kànga pàápàá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbé ìlú olókùúta bí Abẹ́òkúta mọ̀ pé omi lè yọ kíákíá ní àgbàlá ẹnìkan, kí aládùúgbò rẹ̀ sì gbẹ́ ìlọ́po méjì ìyẹn kí ó má kan ohunkóhun ju àpáta gbígbẹ lọ. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti fi ìwọ̀nba ṣíbí mélòó kan sọ ohun tí ó wà nínú ìkòkò tí ó fẹ̀ tó ìlú ńlá, tí ó wà lábẹ́ òkun, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní ṣí ìdérí rẹ̀ wò láéláé. Ìmọ̀ tí wọ́n ń lò ni a ń pè ní geostatistics. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti gbọ́ orúkọ náà yóò rò pé ní Amẹ́ríkà tàbí ní Yúróòpù ni a ti bí i. Orí ilẹ̀ Áfíríkà ni a ti bí i, ní ibi méjì, lọ́wọ́ òyìnbó méjì, ní àkókò tí ilẹ̀ méjèèjì kò sí lábẹ́ àṣẹ àwọn tí ó ni ín. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, láti inú ihò wúrà títí dé inú àpáta abẹ́ òkun, níbi tí ó ti pàdé iṣẹ́ tí ó le jù fún un.

Ní ọdún 1886 ni a rí wúrà ní Witwatersrand, ní ilẹ̀ tí ìlú Johannesburg wà lónìí. Wúrà ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń ṣà nínú odò. Ó fọ́nká nínú ìpele àpáta tín-ínrín kan, ojú lásán kì í sì í sábà rí i. Bí wọ́n bá ti la ọ̀nà sínú ilẹ̀, wọn a máa ha òkúta díẹ̀díẹ̀ lára ògiri ọ̀nà náà, wọn a gbé e lọ wọ̀n, wọn a ṣe ìṣirò, wọn a sì sọ pé: igun báyìí lówó lórí, ẹ wà á, igun báyìí kò lówó lórí, ẹ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé ìṣirò wọn kò fi bá ohun tí ó jáde láti inú ilẹ̀ mu. Igun tí wọ́n pè ní ọlọ́rọ̀ kì í lọ́rọ̀ tó bí wọ́n ti wí. Igun tí wọ́n pè ní òtòṣì, bí wọ́n bá wà á, a sì máa sàn ju bí wọ́n ti rò lọ.

Ẹnjiníà kan, Danie Krige, tí a bí ní ìlú Bothaville ní 1919, tí ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Witwatersrand, ni ó tú àdììtú yìí nínú iṣẹ́ tí ó gbé jáde ní 1951. Àlàyé rẹ̀ kò ṣòro fún ẹni tí ó bá ti dáko rí. Bí àgbẹ̀ kan bá tú ebè kan ṣoṣo, tí ó bá iṣu tí ó tó itan àgbà ọkùnrin nínú rẹ̀, tí ó sì fi ìwọ̀n iṣu yẹn ṣírò gbogbo oko, ara rẹ̀ ni ó ń tàn jẹ. Ilẹ̀ rere ní ọwọ́ nínú ọ̀ràn ebè náà, ṣùgbọ́n oríire náà ní ọwọ́ níbẹ̀. Ebè tí ó jẹ́ pé títayọ tí ó tayọ ni ó jẹ́ kí a yà á sọ́tọ̀ kò ṣeé fi ṣe aṣojú àwọn ará rẹ̀ yòókù. Krige fi hàn pé kí a má ṣe gba ẹ̀rí òkúta tí a ha ní igun kan gbọ́ pátápátá. Kí a fà á padà díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa gbogbo ibi ìwakùsà náà. Bí ẹ̀rí bá ṣe kéré sí ni kí a ṣe fà á padà sí i.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níbí. Orúkọ Krige ni ayé fi ń pe ọ̀nà ìṣirò yìí títí di òní, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin dúdú wà tí wọ́n wọ inú ihò yẹn lọ, tí wọ́n jìn ju kìlómítà kan lọ sí ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń gbé inú àgọ́ òṣìṣẹ́ láìsí aya, láìsí ọmọ, lábẹ́ òfin tí kò jẹ́ kí wọ́n rìn ní ìlú baba wọn láìmú ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Àwọn ni wọ́n la ọ̀nà sínú àpáta tí àwọn iye inú ìwé náà ti jáde. Ìwé ìṣirò kì í ní àyè fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkejì ni Georges Matheron, ọmọ Faransé tí a bí ní 1930. Ní 1954 ni ó dé Àljíríà láti ṣe iṣẹ́ ìwádìí kùsà, ọdún kan náà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà gbé ìbọn láti gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Nígbà tí ogun ń jà lórí ilẹ̀, òun ń ronú sí ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó gbé iṣẹ́ Krige yẹ̀wò, ó sì rí i pé ìbéèrè kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí a kò tíì bèèrè tán: ìjọra àwọn aládùúgbò, ibo ni ó dé kí ó tó parí?

Ẹ jẹ́ kí á padà sí oko. Àgbẹ̀ mọ̀ pé ebè méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn a máa mú iṣu tí ó jọra jáde, nítorí pé ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ni, ìbòòji igi kan náà ni. Èyí tí ó wà ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí i lè jọ ọ́ díẹ̀. Èyí tí ó wà ní ìpẹ̀kun oko lọ́hùn-ún, lẹ́bàá odò, kò ní ohun tí ó pa á pọ̀ mọ́ ọn. Ibì kan wà ní àárín méjì tí ìjọra ti tán. Matheron ní kí a má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àfẹnusọ lásán. Kí a mú ebè ní méjìméjì, kí a wọn bí wọ́n ti jìnnà síra, kí a wọn bí wọ́n ti yàtọ̀ síra, kí a sì fa ìlà tí yóò fi hàn bí ìyàtọ̀ ti ń pọ̀ sí i bí ọ̀nà ti ń jìn sí i. Ìlà yìí ni wọ́n ń pè ní variogram. Nígbà tí a bá ti fà á tán, a lè sọ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó wà nínú ebè tí a kò tú: a ó gbọ́ ẹ̀rí àwọn ebè tí a ti tú, a ó sì fi ẹ̀rí olúkúlùkù sórí òṣùwọ̀n gẹ́gẹ́ bí ó ti súnmọ́ tó. Àwọn Faransé pe ọ̀nà yìí ní krigeage láti fi yẹ́ Krige sí. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di kriging.

Èyí tí mo kà sí iyebíye jù nínú iṣẹ́ Matheron kì í ṣe iye tí ó ń mú jáde. Iye kejì tí ó máa ń tẹ̀ lé e ni. Bí ó bá sọ pé wúrà báyìí ni ó wà ní igun yìí, yóò tún sọ bí àṣìṣe rẹ̀ ti lè tóbi tó. Bí a bá sì ti jìnnà sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti ha òkúta wò ni iye kejì yìí yóò máa wú sí i. Ẹni tí ó bá mọ bí ọ̀rọ̀ ti ń rí ní àárín àwọn olówó àti àwọn aláṣẹ yóò mọ̀ pé iye kejì yìí kì í sábà pẹ́ lórí tábìlì. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ṣàkó ni wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó ní "ó lè rí báyìí, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀" ni wọ́n ń pè ní aláìmọṣẹ́.

Ní 1962 ni apá kìíní ìwé ńlá Matheron jáde, ọdún náà ni Àljíríà gba òmìnira. Apá kejì tẹ̀ lé e ní 1963. Ìmọ̀ náà bá ẹni tí ó ni ín kọjá òkun padà sí Faransé. Ní 1968 ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ fún un ní Fontainebleau, lẹ́bàá Paris, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn ká ayé.

Àwọn elépo gbọ́, wọ́n sì fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n epo yàtọ̀ sí wúrà. Ẹni tí ó ń wa wúrà yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibi tí ó ti ṣírò, bí ó bá ṣì í, oṣù tí ń bọ̀ ni yóò mọ̀. Ẹni tí ó ń wa epo lábẹ́ òkun kò ní dé ibẹ̀ láéláé. Ihò tí ó gbẹ́ kò fẹ̀ ju ẹnu àmù lọ, kànga kan sí èkejì sì lè ju kìlómítà kan lọ. Ó lè dún ohùn ńlá sínú òkun kí ó sì tẹ́tí sí gbohùngbohùn tí àwọn ìpele àpáta dá padà, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ń fi ọwọ́ wá nǹkan nínú òkùnkùn ni èyí rí: yóò mọ ibi tí ògiri wà, kò ní mọ ohun tí a kọ sí i lára. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé epo wà nísàlẹ̀ bí adágún omi, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ti rò. Inú ihò wẹ́wẹ́ ara àpáta ni ó fara pamọ́ sí, bí omi ti ń fara pamọ́ sínú iyanrìn etídò.

Nínú irú àpáta bẹ́ẹ̀, oríṣi méjì ni ó ṣe pàtàkì jù. Èkíní ni iyanrìn tí ó dì di òkúta. Inú rẹ̀ ni epo apá Niger Delta tiwa wà. Èkejì ni wọ́n ń pè ní kábọ́nétì, àpáta tí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ìkarahun àti egungun ohun ẹlẹ́mìí inú omi. Ẹni tí ó bá ti kọjá ní Ewékorò lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta ti rí ìbátan rẹ̀. Òkúta tí wọ́n ti ń wà níbẹ̀ láti 1960 láti fi ṣe sìmẹ́ńtì, kábọ́nétì ni, àwọn ìkarahun inú rẹ̀ sì ń jẹ́rìí pé òkun ti wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá rí, ó lé ní mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn. Kábọ́nétì kò ní sùúrù bí iyanrìn. Omi a máa yọ́ ọ níhìn-ín, a sì máa dí i padà lọ́hùn-ún. Ilẹ̀ a mì, àpáta a sán. Kànga kan lè tú epo jáde bí odò, kí èyí tí ó wà nítòsí rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú. Oko tí ìjọra ti tán lẹ́yìn ebè méjì ni.

Bí ọ̀ràn náà ti le tó hàn ní Ekofisk, nínú òkun tí ó wà láàárín Nọ́wè àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-iṣẹ́ Phillips Petroleum ti Amẹ́ríkà ti gbẹ́ ihò púpọ̀ láìrí ohun gidi kí ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ Ocean Viking tó kan epo níbẹ̀ ní ìparí 1969. Ní 1971 ni epo bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Òkun ibẹ̀ jìn tó nǹkan bí 70 mítà, ṣùgbọ́n àká epo fúnra rẹ̀ wà ní nǹkan bí 3,000 mítà sí ìsàlẹ̀. Àpáta funfun rírọ̀ ni, irú èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní chalk, tí ó jẹ́ èépá ara ewéko inú òkun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí wọn, tí wọ́n kú tí wọ́n sì ń rọ̀ sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun fún àìmọye ọdún. Ní ibi tí ó dára nínú àpáta yìí, ìdá 30 sí 40 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ihò lásán tí epo kún. Ṣùgbọ́n àwọn ihò náà tín-ínrín débi pé epo kò lè tètè gba ibẹ̀ kọjá. Ojú tí àpáta ti sán nìkan ni ọ̀nà. Àká tí ó kún bámúbámú ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ há, kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí àwọn ilẹ̀kùn náà wà tán. Nǹkan bí ìdá 17 nínú 100 epo ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ọwọ́ àwọn yóò tẹ̀.

Wọ́n kọ́ ilé irin sórí àgéré nínú òkun náà, àwọn ènìyàn ń gbé orí rẹ̀, wọ́n ń sùn, wọ́n ń jí. Ní 1973 wọ́n gbé àgbá kọnkéré ńlá kan kalẹ̀ láàárín rẹ̀, tí ó lè gba mílíọ̀nù kan àgbá epo, wọ́n sì fi ògiri oníhò yí i ká kí ìgbì má baà fọ́ ọ. Òkun ibẹ̀ kò mọ eré. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 1980, ilé orí omi kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn sí, Alexander L. Kielland, dojú dé ní agbègbè náà nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣẹ́; ènìyàn 123 ni ó kú.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣàkíyèsí ohun kan. Àwọn ihò ara ògiri àgbá náà wà ní ìlà ìlà, ẹni tí ó bá dúró lókè lè ka iye ìlà tí omi kò tíì bò. Ìlà náà ti dín. Òkun kò ga sí i. Ilẹ̀ abẹ́ òkun ni ó ń rì, tòun ti gbogbo ilé orí rẹ̀, ó sì ti rì tó nǹkan bí 3 mítà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Epo tí wọ́n ń fà jáde yẹn, òun ni ó ti ń bá àpáta funfun náà ru ẹrù ilẹ̀ orí rẹ̀. Nígbà tí agbára epo dínkù, àpáta náà fọ́ sínú ara rẹ̀ bí tìmùtìmù tí ènìyàn jókòó lé.

N kò sọ pé geostatistics ni ó jẹ̀bi. Àwọn tí ó ya àwòrán Ekofisk ṣírò ihò, wọ́n ṣírò epo, wọ́n ṣírò ibi tí àpáta ti sán. Ohun tí wọ́n kò fi sí ipò tí ó yẹ ni bí àká náà fúnra rẹ̀ yóò ti ṣe bí a bá ń tú u ṣófo. Ìbéèrè tí a kò bi variogram, kò ní dá a lóhùn, bí ó ti wù kí ìṣirò rẹ̀ pé tó.

Àtúnṣe náà jẹ́ iṣẹ́ òmìrán. Ní 1987 wọ́n gé ẹsẹ̀ àwọn ilé irin náà, wọ́n fi ẹ̀rọ gbé wọn sókè ní mítà 6, wọ́n sì so àfikún mọ́ wọn nísàlẹ̀. Ní 1989 wọ́n fi ògiri kọnkéré tuntun yí àgbá ńlá náà ká. Láti 1987 bákan náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ti omi òkun sínú àpáta lọ́pọ̀ yanturu, kí ó baà lé epo jáde kí ó sì bá wọn ru ẹrù. Níbí ni àpáta funfun náà ti tún fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà: bí agbára inú àká ti ń padà bọ̀ sípò, ilẹ̀ kò dẹ́kun rírì, nítorí omi fúnra rẹ̀ a máa sọ irú àpáta yìí di aláìlágbára. Títí di òní, rírì náà ti ju mítà 9 lọ, Ekofisk tuntun ni wọ́n sì kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1998. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà nìyí: fífọ́ tí àpáta ń fọ́ ń fún epo jáde, omi ń lé òmíràn, ìdá 17 tí wọ́n dá lójú ní ìbẹ̀rẹ̀ sì ti kọjá ìdá 50 nínú ìrètí wọn báyìí. Wọ́n ṣì í ní apá ibi, wọ́n sì ṣì í ní apá ire.

Ọ̀ràn omi yìí ni ó fi àléébù kriging hàn kedere. Ẹni tí ó ń gba ẹ̀rí aládùúgbò pọ̀ a máa gé orí òkè, a sì máa dí kòtò. Àwòrán rẹ̀ a dán, a tẹ́jú. Bí wúrà ni à ń kà, kò burú, nítorí àpapọ̀ rẹ̀ ni à ń fẹ́. Ṣùgbọ́n omi tí a tì sínú àpáta kì í tọ ọ̀nà àárín. Ojú sísán kan ṣoṣo tí àwòrán ti fi ìtẹ́jú bò mọ́lẹ̀ tó fún un láti sáré láti kànga kan dé òmíràn, kí ó sì fi epo sílẹ̀ lẹ́yìn ní ọ̀tún àti lósì.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Fontainebleau, André Journel, ni ó mú ọ̀nà àbáyọ wá sí gbangba nínú iṣẹ́ kan ní 1974. Dípò àwòrán kan tí ó dán, ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán tí kò dán. Kí gbogbo wọn bá ohun tí a rí nínú kànga mu láìyẹ̀, kí gbogbo wọn ní ìrísí ìjọra kan náà, ṣùgbọ́n ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò dé, kí olúkúlùkù sọ tirẹ̀. Bí ọmọ ìyá ni wọ́n rí: ẹni tí ó bá mọ baba yóò mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ni gbogbo wọn, síbẹ̀ ojú ẹnìkan kì í ṣe ojú ẹnìkejì. A ó wá ti omi sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú kọ̀ǹpútà, a ó sì wo iye tí yóò so èso àti iye tí yóò já sí òfo. Ní 1978 Journel kọjá sí Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ní 1992 òun àti Clayton Deutsch sì tẹ ìwé kan jáde pẹ̀lú àwọn ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀, GSLIB, fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lò ó. Bí ìṣirò yìí ṣe kúrò ní àṣírí àwọn díẹ̀ nìyẹn.

Síbẹ̀ kábọ́nétì kò tíì gbà. Variogram ń wo nǹkan ní méjìméjì, bẹ́ẹ̀ ni ojú sísán àti ọ̀nà omi ní ìrísí tí méjìméjì kò lè sọ. Ẹ gbé aṣọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ Ìbàdàndùn yẹ̀ wò. Ènìyàn lè ka gbogbo ojú funfun àti ojú aró inú rẹ̀, kí ó wọn bí ọ̀kan ti jìnnà sí èkejì, kò sì ní lè fi iye wọ̀nyẹn ya Ìbàdàndùn fún ẹni tí kò rí i rí. Ohun tí ó yẹ ni kí ó gbé ègé aṣọ náà kan lé e lọ́wọ́. Ní àwọn ọdún 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bẹ́ẹ̀ fún àpáta, iṣẹ́ Sebastien Strebelle ní 2002 sì mú un rọrùn fún kọ̀ǹpútà: a ó ya ègé àpẹẹrẹ kan, kọ̀ǹpútà yóò kọ́ àrà inú rẹ̀, yóò sì fi àrà náà kún gbogbo ibi tí kò sí kànga. Nígbà náà ni ìbéèrè kan dìde tí kò sí ìṣirò tí ó lè dáhùn rẹ̀: ta ni yóò ya ègé àpẹẹrẹ náà, kí ni ó sì gbàgbọ́ nígbà tí ó ń yà á?

Ìbéèrè yìí gbóná jù lọ ní etíkun Brazil. Nígbà kan rí, kò sí òkun láàárín Brazil àti Áfíríkà. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n. Òkun tí wọ́n fi ọkọ̀ kó àwọn baba wa gbà lọ sí Bahia kò tíì sí. Nígbà tí ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí ya, ó lé ní mílíọ̀nù 110 ọdún sẹ́yìn, adágún ńláńlá ni ó kọ́kọ́ wà ní ojú ìyapa ní apá gúúsù, láàárín ibi tí a ń pè ní Àǹgólà àti ibi tí a ń pè ní Rio de Janeiro lónìí. Kábọ́nétì dì sínú àwọn adágún yẹn. Lẹ́yìn náà omi òkun wọlé, ó gbẹ, ó sì fi iyọ̀ tí ó nípọn gidigidi bo gbogbo rẹ̀. Ní 2006 ni ilé-iṣẹ́ Petrobras kan epo lábẹ́ iyọ̀ yìí ní pápá tí wọ́n pè ní Tupi, ní nǹkan bí 300 kìlómítà sí etíkun Rio. Omi tí ó ju 2,000 mítà lọ ni wọ́n kọ́kọ́ là kọjá. Iyọ̀ tí ó nípọn tó nǹkan bí 2,000 mítà sì wà lójú ọ̀nà kí wọ́n tó kan àpáta náà. Ní 2012 ilé-iṣẹ́ mìíràn kan epo nínú irú àpáta kan náà ní Cameia, ní ẹ̀gbẹ́ Àǹgólà.

Iyọ̀ a máa da gbohùngbohùn rú, kànga kan a sì máa gba owó tí a lè fi kọ́ odidi ilé ìwòsàn ńlá. Nítorí náà, ègé àpẹẹrẹ di ohun tí ó lágbára ju kànga lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ gbà pé àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín ni wọ́n kọ́ àpáta náà ní òkìtì òkìtì, bí ikán ti ń mọ ọ̀gán. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí òkìtì wà, kí àfo sì wà láàárín wọn, epo kò sì ní wà níbi gbogbo. Ní 2015 Paul Wright àti Andrew Barnett gbé àlàyé mìíràn jáde: pé omi adágún náà fúnra rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àpáta náà ti dì láìsí ọwọ́ ohun ẹlẹ́mìí. Bí ti wọn bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé àpáta náà lè tẹ́ lọ bí ẹní lórí ilẹ̀ gbígbòòrò. Kànga kan náà, gbohùngbohùn kan náà, variogram kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba ọ̀gán gbọ́ yóò ya àwòrán kan, ẹni tí ó gba ẹní gbọ́ yóò ya òmíràn, iye epo inú méjèèjì kò sì ní dọ́gba. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Nígbà tí Petrobras kéde Tupi fún ayé ní oṣù kọkànlá 2007, kì í ṣe iye kan ni wọ́n sọ: bílíọ̀nù 5 sí 8 àgbá epo ni wọ́n ní ó ṣeé rí fà jáde. Ìyàtọ̀ bílíọ̀nù 3 tí ó wà láàárín iye méjèèjì ni iye kejì Matheron, tí ó dé orí tábìlì lọ́jọ́ yẹn ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn sáré mú 8. Ní oṣù kejìlá 2010, lẹ́yìn kànga púpọ̀ sí i, wọ́n pín agbègbè náà sí pápá méjì, wọ́n sì ka bílíọ̀nù 6.5 sí Tupi àti bílíọ̀nù 1.8 sí èkejì, tí àpapọ̀ rẹ̀ fi díẹ̀ ju 8 tí ó ga jù lọ nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dá lábàá. Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n yí orúkọ Tupi padà sí Lula, wọ́n ní orúkọ ẹran omi kan ni ní èdè Potogí; gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé orúkọ ààrẹ tí ó fẹ́ kúrò lórí oyè nígbà náà ni pẹ̀lú. Ọ̀ràn náà dé ilé ẹjọ́, ní 2020 sì ni pápá náà tún padà di Tupi.